Báwo Ni Ewé Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́?

Pákò ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé, àwọn olùṣèwádìí ní Yunifásítì Ifẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá omi inú orin tí Yorùbá ń rin láàárọ̀ ń pa kòkòrò ẹnu lóòótọ́. Wọ́n da ẹ̀jẹ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi ń bọ́ kòkòrò nínú àwo, wọ́n sì kán omi oríṣiríṣi orin sí i. Èyí tí wọ́n kán omi orin àtà sí yàtọ̀. Ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ pupa yòò nígbà tí ti àwọn yòókù ti ń ṣú.

Ẹlòmíì ì bá da àwo náà nù kó máa bá tirẹ̀ lọ. Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Isaacs gbé omi orin àtà náà lọ sídìí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó ti tẹ̀ bí dòjé tún padà rí roboto. Ní 1971 ni wọ́n tẹ èsì iṣẹ́ náà jáde nínú Lloydia, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ egbòogi.

Orin àtà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá kí ọjọ́ náà tó dé. Ìbéèrè ni Ifẹ̀ fi kún un: kí ló wà nínú rẹ̀, ibo gan-an ló sì ti ń fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀? Ìbéèrè yìí ló sọnù nínú awuyewuye tí kò tán láàárín àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn dókítà. Ẹni tó bá tan rédíò láàárọ̀ á gbọ́ ìpolówó àgbo kan ṣoṣo tó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ibà, àtọ̀gbẹ àti àìrọ́mọbí pa pọ̀. Bó bá dé ọsibítù, wọ́n á sọ fún un pé àgbo ló ń ba kíndìnrín àwọn ará ìlú jẹ́. Èkíní ní ó ń wo sàn, èkejì ní ó ń pani. Kò sí èyí tó sọ bó ṣe ń ṣe é nínú àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí fòníkú-fọ̀ladìde, nítorí àṣìṣe kékeré kan ṣoṣo ló bí gbogbo wàhálà rẹ̀. Hemoglobin ni purotéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀wọ̀n mẹ́rin ló para pọ̀ dá a: alpha méjì, beta méjì. Ní ipò kẹfà lára ẹ̀wọ̀n beta, èròjà kan tó ń jẹ́ glutamic acid ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, valine ló gba ipò náà. Vernon Ingram ló tú àṣírí yìí ní Cambridge ní àárín àwọn ọdún 1950. Valine kì í fẹ́ bá omi ṣe. Nítorí náà, bí hemoglobin bá ti sọ ọ́síjìn rẹ̀ kalẹ̀ tán, ojú ibi tí valine wà á lẹ̀ mọ́ hemoglobin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí èèmọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò ẹni tó gba inú pápá kọjá. Ọ̀kan á fa èkejì, èkejì á fa ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di okùn gígùn líle tó ń ti ara sẹ́ẹ̀lì láti inú. Sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ báyìí kò lè gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró kọjá, ṣe ni yóò há síbẹ̀. Láti ibi tó há sí ni ìrora inú egungun ti ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí ọmọ fi ń ké mọ́jú. Nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí iye tirẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá mọ èyí ti mọ ibi tí oògùn yóò fọwọ́ kàn. Yálà kí oògùn má jẹ́ kí hemoglobin lẹ̀ mọ́ ara wọn, tàbí kó mú kí wọ́n di ọ́síjìn mú pẹ́ díẹ̀ sí i, kí àyè má sí fún ìlẹ̀mọ́ra.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, alùfáà kan láti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, P. O. Ogunyale, gbé àgbo tó fi ń tọ́jú àìsàn náà lọ fún NIPRD, ilé ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìdù, l'Ábújá. Ìyèré, kànáfùrú, igi osùn àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú àgbo náà, ohun tí ẹni tó bá gba ìsọ̀ lẹ́kulẹ́jà kọjá lè rà tán láàárín wákàtí kan. Charles Wambebe tó ń darí ilé ìwádìí náà kò lé alùfáà náà, kò sì kàn gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ lásán. Wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Wọ́n wọn èròjà kọ̀ọ̀kan, wọ́n rọ ọ́ sínú kápúsù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Niprisan. Aláìsàn 82 ló kópa nínú ìdánwò tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n lo oògùn gidi fún sáà kan, wọ́n lo èyí tí kò ní nǹkan kan nínú fún sáà mìíràn. Aláìsàn kò mọ èwo ni èwo, dókítà náà kò mọ̀. Nígbà tí wọ́n tú u, sáà Niprisan ni ìrora ńlá dínkù. Ní ilé ìwòsàn ọmọdé ti Philadelphia, àwọn olùṣèwádìí fi í dán ẹ̀jẹ̀ SS wò nínú ìgò, wọ́n rí i pé ó ń dí ìlẹ̀mọ́ra hemoglobin náà lọ́wọ́ lóòótọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e bani nínú jẹ́. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Xechem, gba ìwé àṣẹ láti máa ṣe é ní 2002. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí oògùn náà fún títà ní 2006 pẹ̀lú orúkọ tuntun, Nicosan. Nígbà tó fi máa di òpin 2008, gbèsè ti wọ Xechem lọ́rùn dé ilé ẹjọ́, oògùn náà sì di àwátì lọ́jà. Àwọn òbí tó ti ń rà á fún ọmọ wọn padà sídìí fólíìkì ásíìdì àti omi gbígbóná.

Owó ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, owó sì jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kan wà tí wọn kì í sábà dárúkọ. Àgbo eléròjà mẹ́rin ni Niprisan títí dé òpin. Kò sí mólékù kan pàtó tí gbogbo ayé lè nawọ́ sí pé òun yìí ló ń ṣe iṣẹ́ náà, iye rẹ̀ báyìí ló gbọ́dọ̀ wà nínú kápúsù kọ̀ọ̀kan, bó sì ṣe ń rìn nínú ara nìyí. Ọkà bàbà tó gbó sínú ọ̀dá kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí òjò rọ̀ sí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é wó, ìlànà sísè ló ṣẹ́kù sílẹ̀. Kò sí èròjà kan tí yàrá àyẹ̀wò mìíràn lè gbà, kó tún un ṣe, kó sì mú un sunwọ̀n sí i.

Ẹ wá wo ọ̀nà kejì. Ní 1991, Donald Abraham àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Blood pé vanillin, èròjà tó ń mú kí fànílà máa ta sánsán nínú kéèkì àti áísìkirímù, ń so mọ́ hemoglobin, ó sì ń mú kó di ọ́síjìn mú. Vanillin fúnra rẹ̀ kò wúlò bí oògùn, torí ara tètè ń fọ́ ọ dànù. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ti mọ apá ibi tó fi ń di nǹkan mú. Wọ́n ń pààrọ̀ ara mólékù náà díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń fi kún un, wọ́n ń yọ kúrò, títí irú iṣẹ́ báyìí fi bí voxelotor, tó ń so mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wọ̀n alpha hemoglobin. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní oṣù kọkànlá 2019. Ní 2022, Pfizer san bílíọ̀nù 5.4 dọ́là láti ra ilé iṣẹ́ tó ṣe é.

Òǹkàwé tó bá ti ń mi orí pé òyìnbó tún ti borí, kó ní sùúrù. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, Pfizer kó voxelotor kúrò lọ́jà ní gbogbo àgbáyé. Nínú ìdánwò tí àwọn ọmọ láti Nàìjíríà, Gánà àti Kẹ́ńyà wà nínú rẹ̀, iye àwọn tó kú lára àwọn tó ń lo oògùn náà ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Hemoglobin wọn ń pọ̀ sí i bí oògùn ṣe ṣèlérí. Ara wọn ni kò gbà. Mímọ bí oògùn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò sọ pé yóò gba ẹ̀mí là. Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ti àgbo. Ẹnì kan ń ka òkú. Wọ́n mọ ẹni tó mu ún, iye tó mu, ọjọ́ tó mu ún, ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ta ló ń kọ orúkọ ẹni tó mu ìgò àgbo kan ní gáréèjì lánàá, tí kò sì jí mọ́?

Igi asofẹ́yẹjẹ náà ní ìtàn tirẹ̀, èyí tó dùn ún gbọ́ jù. Àwọn tó ń tọ́jú alárùn ọpọlọ nílẹ̀ Yorùbá ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú kí ara aláìsàn tó ń bínú rọlẹ̀ láti ayébáyé. Ní Íńdíà, ìbátan igi yìí ń ṣe iṣẹ́ kan náà, láti ara rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Basel ti yọ reserpine jáde ní 1952. Asofẹ́yẹjẹ tiwa náà ní reserpine. Gbòǹgbò rẹ̀ wà lára èyí tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun fi ń ṣe é. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò, l'Ábẹ́òkúta, kọ ìwé ìwádìí ní 1960 lórí bí àwọn oníṣègùn Yorùbá ṣe ń lo igi náà.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń fi èròjà bíi dopamine, serotonin àti noradrenaline ránṣẹ́ síra wọn. Inú àwọn àpò kéékèèké ni wọ́n ń kó àwọn èròjà yìí pa mọ́ sí, purotéènì kan sì wà tó ń kó wọn wọ inú àpò. Reserpine á lọ jókòó lé purotéènì náà lórí. Àpò á ṣófo, iṣẹ́ tó yẹ kó dé kò ní dé, ẹ̀jẹ̀ tó ń ru á wálẹ̀, aláìsàn tó ń fọ́ ilẹ̀kùn á lọ sùn. Bí ìwọ̀n bá pọ̀ jù, ìbànújẹ́ ọkàn tó wúwo lè bá a, ìdí nìyí tí àwọn dókítà kò fi bẹ́ẹ̀ lò ó mọ́ lóde òní.

Ìtàn ì bá parí síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ehoro Arvid Carlsson. Ní Sweden ní 1957, Carlsson fún àwọn ehoro ní reserpine. Wọ́n rọ kalẹ̀, etí wọn wó, wọn kò lè yí padà. Ó wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ L-DOPA, èròjà tí ọpọlọ fi ń ṣe dopamine. Kò pẹ́ tí etí ehoro fi nà ṣánṣán, tí wọ́n sì dìde tí wọ́n ń fò kiri. Ibẹ̀ ni ayé ti rí i pé dopamine ni ara fi ń rìn. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí oògùn tí àwọn tó ní àrùn Parkinson ń lò títí di òní, tó ń jẹ́ kí ọwọ́ tó ń gbọ̀n lè mú ife. Carlsson gba ẹ̀bùn Nobel ní 2000. Ẹ tún gbọ́ èyí: L-DOPA yìí kan náà ló kún inú èso wèrèpè, ìtàkùn tí ọmọdé ìgbèríko ń fi ìyọnu rẹ̀ halẹ̀ mọ́ra wọn. Ìbéèrè kan lórí gbòǹgbò kan bí oògùn mìíràn fún àìsàn mìíràn tí babaláwo àti dókítà kò rò pé igi náà lè la ọ̀nà rẹ̀. Oògùn tí a kò mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kì í bí ọmọ báyìí.

Ti ibà kò ní gba àyè púpọ̀, nítorí àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n díẹ̀. Tu Youyou ní Ṣáínà ń wá oògùn ibà nínú ewé kan tó ń jẹ́ qinghao. Ewé náà ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ń kùnà lọ́la. Ìwé àtijọ́ tí Ge Hong kọ ní ọ̀rúndún kẹrin ló là á lójú: ó ní kí wọ́n rẹ ewé sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu oje rẹ̀. Kò sọ pé kí wọ́n sè é. Tu rí i pé iná ló ń pa agbára ewé náà. Ó fi ether tó ń hó nínú ooru díẹ̀ yọ ọ́, ní oṣù kẹwàá 1971 sì ni oje náà pa gbogbo kòkòrò ibà lára eku. Nínú artemisinin, èròjà tí wọ́n yọ láti inú ewé náà, ọ́síjìn méjì so pọ̀ ní ọ̀nà tí irin lè fọ́. Kòkòrò ibà ń jẹ hemoglobin, ó sì ń tú irin inú rẹ̀ sílẹ̀. Irin náà á fọ́ ìsopọ̀ yẹn, ohun tó fọ́ náà á sì máa ba àwọn purotéènì kòkòrò jẹ́. Oúnjẹ ọ̀tá ni wọ́n fi pa á. Láti 2005 ni Nàìjíríà ti gba oògùn tí wọ́n pò mọ́ artemisinin gẹ́gẹ́ bí oògùn ibà àkọ́kọ́. Ìyá alágbo tó ń se gbogbo ewé títí yóò fi dúdú, ṣé ó mọ èyí tí iná ń pa nínú wọn? Ẹnikẹ́ni kò lè bá a wí, torí kò sí ẹni tó wádìí rẹ̀ fún un.

Ibi tí àìbéèrè ti léwu jù nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kíndìnrín àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń gba ìtọ́jú láti fọn ní ilé ìtọ́jú kan ní Brussels, ní Bẹ́ljíọ̀mù, bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Wọ́n lé ní ọgọ́rùn-ún. Gbòǹgbò Ṣáínà kan ni wọ́n fi rọ́pò òmíràn tí orúkọ wọn jọra, èyí tí wọ́n fi rọ́pò náà sì jẹ́ ti ẹbí Aristolochia. Èròjà inú ẹbí yìí, aristolochic acid, máa ń yí padà nínú ara, á sì lẹ̀ mọ́ DNA sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín, á ba lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ ní ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ lè dá mọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Àwọn kan lára àwọn obìnrin náà tún ní jẹjẹrẹ ojú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn náà.

Akọ igún tí wọ́n ń tà ní Bódè n'Ìbàdàn àti ní Ojúwòyè ní Múṣin, tí wọ́n ń rẹ sínú ọtí fún inú rírun àti ara wíwú, ẹbí Aristolochia ni. Ẹni tó ń tà á kò mọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀daràn. Ẹni tó ń mu ún kò mọ̀. Ohun tí aristolochic acid ń ṣe kì í hàn lọ́jọ́ tí wọ́n mu ún, tàbí lọ́dún tí wọ́n mu ún, nítorí náà "bàbá mi mu ún, kò ṣe é ní nǹkan kan" kò lè jẹ́ ẹ̀rí. Ibi tí ọgbọ́n ojú lásán ti parí nìyí. Àwọn tó máa ń sọ pé ohun tó bá ti inú igbó wá kò lè pani, kí wọ́n ka ìròyìn Brussels.

Ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò àgbo lábẹ́ àṣẹ NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, kò sì ran ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ bó ti yẹ. Nọ́ńbà wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré kan tún wà nísàlẹ̀ tó ń sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní oògùn náà ń ṣe wò. Nọ́ńbà ni ará ọjà ń rí. Gbólóhùn yẹn, ojú tó mú ni í kà á.

Ṣé àwọn yunifásítì wa kò ṣe iṣẹ́ ni? Wọ́n ń ṣe é, àní wọ́n ń ṣe ti ìdajì rẹ̀ púpọ̀ jù. Ìwé ìwádìí tó ń sọ pé omi ewé kan mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ eku wálẹ̀ pọ̀ ju iye tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ. Èyí tó tẹ̀síwájú, tó yọ èròjà náà jáde, tó ya àwòrán rẹ̀, tó fi hàn ibi tó ń so mọ́ nínú ara, ìyẹn kò pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi bí mólékù ṣe rí hàn wọ́n, iná mànàmáná tí yóò sì máa mú un ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru kò dájú. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà wa ń gbé erùpẹ̀ ewé wọn lọ sí Karachi ní Pakistan tàbí Jámánì kí wọ́n tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìjọba àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù bá lè dá owó jọ ra méjì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀kan sí Ifẹ̀, èkejì sí Ìbàdàn, pẹ̀lú iná tí kò ní kú, yóò ṣàǹfààní ju gbogbo àpérò lórí ìṣègùn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún.

Ẹ̀rù àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ pé àwọn ẹlòmíràn yóò jí ọgbọ́n wọn kì í ṣe ẹ̀rù asán. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ igi ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ìwé àdéhùn tí Ogunyale àti NIPRD tọwọ́ bọ̀ ló dáàbò bò ó. Ní oṣù karùn-ún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè tó pé jọ sí Geneva lábẹ́ WIPO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ohun-ìní ọgbọ́n, fọwọ́ sí àdéhùn tuntun: ẹni tó bá ń gba páténtì lórí èròjà tó ti ara igi wá gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti rí igi náà, bó bá sì jẹ́ pé ọgbọ́n ìbílẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n, kó dárúkọ àwọn tó ni ọgbọ́n náà. Àdéhùn náà yóò wúlò fún oníṣègùn tó bá gbé ewé rẹ̀ wá síta pẹ̀lú lọ́yà. Kò ní wúlò fún èyí tó gbé e lọ sí ọ̀run.

NAFDAC kò nílò láti dúró de ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Ẹ̀rọ tó lè wá aristolochic acid nínú ìgò àgbo kò ṣàjèjì sí ilé àyẹ̀wò wọn ní Òṣòdì. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n lè fi ra akọ igún àti àgbo tó ní i nínú láti Bódè dé Múṣin, kí wọ́n dán wọn wò, kí wọ́n sì ka èsì rẹ̀ ní èdè Yorùbá lórí àwọn rédíò tó ń polówó àgbo náà.